Aṣọ Ẹtù Àwẹ̀ró

"Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko." Kò sí agboolé tí a kì í ti í gbọ́ òwe yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń pa á, ǹjẹ́ ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ ìjà àti ọ̀rọ̀ oyè ni ọkàn wọn máa ń lọ sí. Lọ́dọ̀ àwọn ìyá tó tọ́ mi, nǹkan mìíràn ni mo gbọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ aṣọ fífọ̀ ni.

Obìnrin kan wà ní Òkè-Ìgbàrá tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ahunṣọ ni Akínbọ̀dé ọkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin méjì péré ni wọ́n bí: Ọ̀súnlékè ni ẹ̀gbọ́n, Ìbídùn ni àbúrò. Ìmọ́tótó ni gbogbo ìlú fi mọ Àwẹ̀ró, bẹ́ẹ̀ ni kò lágbára ju àwọn obìnrin yòókù lọ. Ó kàn mọ ohun tí ń mú ìdọ̀tí kúrò wẹ́rẹ́ ni. Bí ọbẹ̀ bá jóná mọ́ ìdí ìkòkò, kò ní í fi ọ̀bẹ ha á. Yóò da eérú àti omi sí i, yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan di ọjọ́ kejì, èèpá náà yóò sì ṣí fúnra rẹ̀. Bí idẹ bá dúdú, yóò la ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, yóò fi pa á, ojú idẹ a mọ́ kedere. Àwọn ìyàwó tuntun a máa wá bi í léèrè. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó máa ń sọ fún wọn: "Ẹ fún ìdọ̀tí láyè, yóò bá tirẹ̀ lọ."

Lọ́dún tí wọ́n bí Ìbídùn, Akínbọ̀dé hun aṣọ ẹtù kan fún ìyàwó rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni ó fi jókòó sídìí òfì, òun fúnra rẹ̀ ló sì dúró ti òwú náà nínú aró. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó kú. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Àwẹ̀ró ró aṣọ náà, lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó wá kìlọ̀ fún wọn pé ọjọ́ tí òun bá kú, aṣọ yẹn ni kí wọ́n fi sin òun.

Nígbà tí ogbó dé sí Àwẹ̀ró, Ọ̀súnlékè wá láti ilé ọkọ rẹ̀, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta sí Òkè-Ìgbàrá. Ó ní dandan ni kí ìyá òun bá òun lọ. Ìyá ní òun kò ní í kúrò nílé tí ọkọ òun kọ́. Ọ̀súnlékè kò bẹ̀ ẹ́, kò sì fún un ní ọjọ́ méjì kí ó fi rò ó; ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù ìyá náà. Ìyá tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ le láàárín wọn, Ọ̀súnlékè sì fi ìbínú lọ. Odidi ọdún mẹ́ta ni kò fi wá.

Àìsàn ìyá ló mú un padà. Nígbà tí ó dé, Àwẹ̀ró kò lè dìde lórí ẹní mọ́. Ọ̀súnlékè kúnlẹ̀ kí i, ó sunkún díẹ̀, ó sì dìde lọ gbálẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò jókòó mọ́. Bí ó bá pọnmi tán, yóò fọ ilé. Bí ó bá fọ ilé tán, yóò dáná.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó ti Ìyá díẹ̀," ni Ìbídùn wí, ẹni tí ó ti ń tọ́jú ìyá náà láti ìgbà tí àìsàn ti dé.

"Iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀," ni ó fi dá a lóhùn. Kò fẹ́ kí ojú òun àti ti ìyá òun pàdé.

Ní ọjọ́ karùn-ún, Àwẹ̀ró ní kí wọ́n yọ aṣọ ẹtù náà síta kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Gbogbo wọn mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìbídùn ká a sí méjì, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹsẹ̀ kan náà ni Ọ̀súnlékè ń sáré gbé ìṣà epo pupa bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ ìloro. Epo dà sí etí aṣọ náà méjèèjì.

Ìbídùn figbe ta.  Ọ̀súnlékè gbá aṣọ náà mọ́ra, ó sá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó da omi gbígbóná sí etí kan, ó sì fi kànìnkànìn kọlù ú. Bí ó ti ń fọ̀ ọ́ tó ni epo ń wọ inú òwú lọ. Aró ń ṣàn jáde, epo kò jáde. Ó tún já ewé ìpín, èyí tí a fi ń ha igbá, ó fi ń ha aṣọ.

Ìbídùn di apá rẹ̀ mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra! Ẹ jẹ́ ká bi Ìyá."

"Ṣé o fẹ́ kí èyí pa á ni? Fi mí sílẹ̀. Màá fọ̀ ọ́ mọ́ kó tó mọ̀."

Kò tíì pa ẹnu dé tí aṣọ fi ya lọ́wọ́ rẹ̀.  Ohùn ìyá wọn ni wọ́n gbọ́ láti inú yàrá: "Ta ló ń fọ nǹkan bí ẹni tó ń jà yẹn?"

Wọ́n gbé aṣọ náà wọlé. Ọ̀súnlékè kúnlẹ̀, kò lè gbójú sókè. Àwẹ̀ró fi ìka wá ibi tó ya, ọwọ́ rẹ̀ sì pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè pé, "Etí kejì ńkọ́?"

"Epo wà níbẹ̀, Ìyá. N kò tíì fọ̀ ọ́."

"Má fọ̀ ọ́. Ìbídùn, lọ bu ìyẹ̀fun láfún wá."

Ó ní kí Ọ̀súnlékè bu ìyẹ̀fun náà sórí epo kí ó nípọn, kí ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e.

"Ṣé kí n ra á, Ìyá?"

"Má ra á. Gbé ọwọ́ lé e, kí o jókòó."

Ọ̀súnlékè jókòó ti ìyá rẹ̀.  "Ìyá, mo rò pé inú ṣì ń bí yín sí mi."

"Ìbínú mi kò lò ju oṣù kan lọ," ni Àwẹ̀ró wí. "Ọ̀nà ni mo ń wò láti ìgbà náà. Bí o bá ti rọra bẹ̀ mí lọ́jọ́ yẹn, bóyá ǹ bá bá ọ lọ wo ilé rẹ, kí n sì padà."

Ọ̀súnlékè fi ọwọ́ kan nu ojú, èkejì kò kúrò lórí aṣọ. Nígbà tí ìyẹ̀fun náà pupa, wọ́n gbọ̀n ọ́n nù, wọ́n bu òmíràn sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, Ìbídùn fi ọṣẹ dúdú àti omi tútù fọwọ́ bà á fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Epo jáde tán; aró ẹtù kò ṣí. Ṣùgbọ́n etí àkọ́kọ́ tí Ọ̀súnlékè ti fi agbára fọ̀ gbẹ, ó le koko bí awọ tí oòrùn pa, ihò sì wà láàárín rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Àwẹ̀ró tún lò láyé. Ọ̀súnlékè kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́ láṣọ, àwọn àgbà obìnrin agboolé ní kí wọ́n gé etí tó le náà kúrò, kí òkú lè lọ pẹ̀lú aṣọ tó pé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e," ni Ọ̀súnlékè wí. "Bàbá ló hun ún. Bí mo tilẹ̀ bà á jẹ́, ẹ má dín in kù fún Ìyá."

Báyìí ni wọ́n fi gbogbo rẹ̀ sin ín. Àwọn obìnrin tó fọwọ́ kan etí aṣọ náà méjèèjì lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ láàárín ara wọn, tí ọ̀rọ̀ náà fi di òwe: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. Nígbà tí àgbà bá rí ẹni tí ń kánjú tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, ìbáà ṣe àbààwọ́n ara aṣọ, ìbáà ṣe èdè àìyedè láàárín ìyá àti ọmọ, ni wọ́n máa ń pa á fún un, kí ó lè dá ọwọ́ dúró nígbà tí etí kan ṣì kù tí kò tíì ya.