Súwẹ́tà Ọgọ́fà Ojú

Ọkùnrin kan wà, káfíńtà ni, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyàwó rẹ̀ ní èjìká. Láti ìgbà náà ni òtútù ti ń mú obìnrin náà, aṣọ tó bá sì fún un díẹ̀ a máa ta á lójú ọgbẹ́. Ọyẹ́ ń bọ̀. Káfíńtà náà pinnu pé òun yóò fi ọwọ́ ara òun hun súwẹ́tà kan fún un, èyí tí yóò fẹ̀ débi pé kò ní fún èjìká rẹ̀ rárá.

Kò hun nǹkan kan rí. Ó lọ bá ìyá àgbà kan ládùúgbò tó máa ń hun fìlà ọmọ tuntun. Ìyá náà fi abẹ́rẹ́ gígùn méjì lé e lọ́wọ́, ó sì kọ́ ọ bí a ṣe ń fa òwú láti inú ojú kan, ìyẹn ihò òwú tó wà lórí abẹ́rẹ́, bọ́ sí òmíràn. Ọgọ́fà ojú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó hun ún dé àyà, ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá káfíńtà, ṣé aṣọ ni àbí àgọ́?"

"Ẹ jẹ́ kó fẹ̀, Màmá. Ẹni tí ara ń dùn ló fẹ́ wọ̀ ọ́."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ máa ka ojú rẹ̀ ní gbogbo ìlà. Bí ọ̀kan bá bọ́, ẹ dúró kí ẹ wá a."

Lọ́jọ́ kan ó kà á, mọ́kàndínlọ́gọ́fà ló bá. Ó wo ìsàlẹ̀, ó rí ojú tó bọ́ ní ìlà mẹ́jọ sẹ́yìn. Àfi kó tú ìlà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Nídìí iṣẹ́ igi, bí pákó bá lanu, lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń dí i, wọn a sì kùn ún mọ́lẹ̀. Ọkùnrin náà ṣe bíi káfíńtà. Ó dá ojú tuntun kan sí etí aṣọ náà, ó tún un kà. Ọgọ́fà.

"Ṣé ó pé?" ni ìyá àgbà bi í.

"Ó pé, Màmá."

Kò purọ́.

Ọyẹ́ dé. Obìnrin náà wọ súwẹ́tà náà, ara rẹ̀ sì móoru fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta ó na apá láti ti fèrèsé. Ojú tó bọ́ yẹn tú, ó fa èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà fa òmíràn, títí aṣọ náà fi là bí àkàbà láti àyà dé ìdí. Ọyẹ́ gba ibẹ̀ wọlé.

"Bàbá Wúràọlá," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó ń gbọ̀n, "ṣé ẹ rí i nígbà tó bọ́?"

"Mo rí i."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo fi òmíràn rọ́pò rẹ̀."

"Èyí tó bọ́ kọ́ lẹ fi sí i."

Ọkùnrin náà jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú iṣẹ́ oṣù mẹ́ta. Ó kọ̀ láti tú ìlà mẹ́jọ, gbogbo ọyẹ́ náà sì kọjá lórí ìyàwó rẹ̀.

Alága, ẹ̀yin tí ẹ ń pín ilé fún àwọn tí wọ́n wó ilé wọn létí odò, mo ti ka ìwé orúkọ yín. Ọgọ́rin ìdílé ni wọ́n wó ilé wọn. Ọgọ́rin orúkọ ló wà níbẹ̀. Ẹ ní kí a kà á, a kà á, ó pé. Ṣùgbọ́n opó tó ń ta èédú, tí wọ́n wó ilé tirẹ̀ náà, kò sí níbẹ̀, ó wà lábẹ́ tapólì lẹ́yìn ilé ìwé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Àbúrò ìyàwó yín, tí kò gbé etí odò rí, ló wà ní ìparí ìwé.

Ẹ má sọ fún wa mọ́ pé iye pé. Ilé mẹ́jọ péré lẹ ti pín. Ẹ tú ìwé orúkọ náà lónìí.