Adìyẹ Tó Ró Aṣọ

Àwọn àgbà máa ń sọ pé afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Ẹ jẹ́ ká jọ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Adìyẹ wo? Ṣé adìyẹ tó ń rìn káàkiri ojúde láti àárọ̀, tí kò wọ ṣòkòtò, tí kò ró ìró, tó ń bẹ̀rẹ̀ ṣa àgbàdo lójú àna àti àlejò? Kí ló fi pamọ́ tí afẹ́fẹ́ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tú? Ẹni tó bá ti lójú, á ti rí fùrọ̀ adìyẹ kó tó bọ́jú. Ó ní láti jẹ́ pé adìyẹ kan wà nígbà kan rí tó wọṣọ.

Ó wà. Aṣọ àdìrẹ ló ró. Béjídé ló ró o fún un.

Béjídé ń gbé ní Òkè-Agbède pẹ̀lú ìyá tó bí ìyá rẹ̀, Abọ́ṣẹ̀dé, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Àgbà. Ọjọ́ tí òjò ńlá ń rọ̀ ni wọ́n bí i, ìyẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Béjídé, ẹni tó bá òjò dé. Orúkọ náà wá wọ̀ ọ́ lára jù. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá gbé àdá lọ sóko, òun á nà gbalaja sórí ògiri àlàpà tó wà lẹ́yìn ilé, á máa wo sánmà.

"Ẹbí mi ni mò ń wò," ló máa ń wí.

Ìkùukùu á máa rìn kọjá bí agbo àgùntàn tí kò ní olùṣọ́. Ọyẹ́ á bo òkè mọ́lẹ̀ títí òkè á fi dà bí ohun tí èèyàn rántí, tí kì í ṣe ohun tó ń rí. Béjídé á la ẹnu sílẹ̀, oorun á gbé e lọ, á tún gbé e padà wá.

Ohun kan ṣoṣo ló ń já a láti ojú àlá. Òrùlé Ìyá Àgbà ti gbó. Koríko rẹ̀ ti di eruku, ihò rẹ̀ sì tóbi débi pé ẹyẹ ń gba ibẹ̀ kọjá láìká apá. Ọyẹ́ ń wọlé wá sùn ti màmá náà, ikọ́ ò jẹ́ kó sinmi. Ẹ̀ẹ̀rùn sì ti ń parí lọ. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá fi lè bá òrùlé yẹn bẹ́ẹ̀, inú omi ni màmá máa máa sùn. Àmọ́ ní Òkè-Agbède, àáró ni wọ́n fi ń bo ilé: bá mi bo tèmi, kí n bá ọ bo tìẹ. Béjídé ò tíì bá ẹnikẹ́ni di okùn kan mú rí. Ta ló fẹ́ wá bá a?

Ó lọ bá Ọdẹ́yalé, olórí àwọn tó ń bo ilé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú Ìyá Àgbà."

Ọdẹ́yalé wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Nígbà tí a ń bo ilé bàbá mi, ibo lo wà?"

"Mo wà lórí ògiri."

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń bá yín ṣọ́ ojú ọjọ́, kí ìjì má bàa ká yín mọ́ òkè."

Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ Ọdẹ́yalé létí. Lọ́dún tó kọjá, ìjì gbé òrùlé Baálẹ̀ lọ, ó sì gbé Ọdẹ́yalé mọ́ ọn dé etí odò.

"Ìwọ lè mọ ọjọ́ tí ìjì ò ní jà?"

"Ẹ̀gbọ́n, kí lorúkọ mi?"

"Béjídé."

"Ẹ ti dáhùn."

"Òjò lo bá dé o! Afẹ́fẹ́ ò mọ̀ ọ́ rí."

"Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n jàre."

Ni Ọdẹ́yalé bá ní ó dáa. Bí Béjídé bá lè máa sọ ojú ọjọ́ kó sì máa ṣẹ, ilé Ìyá Àgbà ni wọn máa kọ́kọ́ bò lọ́dún yìí.

Ẹ má sì rò pé ọwọ́ òfo ni Béjídé fi wọnú ọ̀rọ̀ yẹn o. Láti orí ògiri, ó ti ṣàkíyèsí adìyẹ Ìyá Àgbà kan. Ìyẹ́ funfun gígùn kan wà nídìí rẹ̀. Kí ewé kankan tó mira, ìyẹ́ yẹn á ti máa gbọ̀n. Béjídé gbé adìyẹ náà sórí ògiri, ó sọ ọ́ ní Ìránṣẹ́ Ẹ̀fúùfù. Láràárọ̀, á wo ìdí rẹ̀, á sì jáde sójúde:

"Ẹ gbọ́ o! Apá òkè: ọyẹ́ ń kọjá lọ láàárọ̀ yìí, ẹni tó bá ní bùbá méjì kó wọ mẹ́ta. Ìsàlẹ̀ odò: atẹ́gùn á máa já lójijì, á tún máa dákẹ́ bí olè, ẹni tó bá sá ẹ̀lùbọ́, kó jókòó tì í. Abúlé Ìta-Ọsàn: oòrùn díẹ̀, ìkùukùu díẹ̀, ìjà tọkọtaya díẹ̀."

Ó ń ṣẹ. Kódà, ìjà tọkọtaya ṣẹ. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àgbàdo wá fún adìyẹ, wọ́n ń kí i ní "ẹ kú iṣẹ́." Ọdẹ́yalé dá ọjọ́ tí wọn máa tú òrùlé Ìyá Àgbà.

Àfi bí Béjídé ṣe jí lọ́jọ́ kan tó dé ìdí ògiri, tó rí i pé Ìránṣẹ́ Ẹ̀fúùfù ti pá nídìí. Kò sí ìyẹ́ gígùn, kò sí ìyẹ́ kúkúrú. Ìdí rẹ̀ pọ́n yòò bí ata tútù. Béjídé wo ilẹ̀, ó wo òkè, kò rí nǹkan kan. Bó bá sọ fún Ọdẹ́yalé, òrùlé ti lọ nìyẹn. Ló bá fa aṣọ àdìrẹ Ìyá Àgbà kan tó ti gbó ya, ó ró o fún adìyẹ, ó ta á ní kókó.

Ọdẹ́yalé dé, ó kọ hà. "Béjídé! Adìyẹ ń ró ìró?"

"Ẹni tó ń bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀, ṣé ìhòòhò ló máa fi jáde ni?"

"Ìyẹ́ yẹn ńkọ́?"

"Ó wà lábẹ́ aṣọ. Ẹ má wò ó o. Ẹni tó bá wò ó, irùngbọ̀n rẹ̀ á máa fẹ́ lẹ́lẹ́ títí ayé."

Ọdẹ́yalé di irùngbọ̀n rẹ̀ mú, ó yẹra sẹ́yìn.

Ọjọ́ iṣẹ́ pé. Gbogbo ọkùnrin ìlú dé pẹ̀lú okùn àti ìdì koríko bẹẹrẹ. Béjídé tẹ etí mọ́ aṣọ adìyẹ bí ẹni tó ń gbọ́ àṣírí.

"Lónìí," ó ní, "láti òkè dé odò, afẹ́fẹ́ ti lọ kí àna rẹ̀. Kò sí nílé."

Wọ́n tú òrùlé náà kanlẹ̀. Ojú ọjọ́ dákẹ́ rọ́rọ́. Oòrùn wà nínú kùrukùru bí ẹyin nínú omi ẹ̀kọ. Àfi bíi pé gbogbo ayé ń sùn, pé Òkè-Agbède gan-an ni àlá tó ń lá.

Ìyá Àgbà jókòó sábẹ́ igi ìyeyè. Màmá tí èèyàn máa ń pariwo "ẹ káàárọ̀" fún títí ọ̀fun á fi gbẹ ni o. Ó gbé orí sókè.

"Béjídé, nǹkan kan ń bọ̀ lẹ́yìn òkè ọ̀hún. Ó ń súfèé."

"Etí yín ló ń hó, Màmá."

"Ó ti dé ìdí àràbà. Ó ti ń sáré."

"Ẹ sinmi, Màmá. Adìyẹ ò sọ nǹkan kan."

Nǹkan tútù kan kọ́kọ́ fọwọ́ kan Béjídé lẹ́yìn ọrùn. Lẹ́yìn náà, koríko tó wà nílẹ̀ dìde dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Fìlà kúrò lórí, ó ṣí lọ bí ẹyẹlé. Afẹ́fẹ́ wọ abẹ́ aṣọ adìyẹ, aṣọ wú, ó wú, adìyẹ sì gbéra lórí ògiri jẹ́jẹ́, bí ẹni tí wọ́n pè lókè. Ó rékọjá lórí wọn. Kò ké, kò ju apá. Nígbà tó dé àárín ojúde, kókó aṣọ tú. Aṣọ àdìrẹ gba ìsàlẹ̀ odò lọ ní tiẹ̀. Adìyẹ dúró sójú sánmà, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo ìlú, ó sì ń yí díẹ̀díẹ̀, kí ẹni tó wà lápá ibí àti ẹni tó wà lápá ọ̀hún lè rí i dọ́gbadọ́gba.

Gbogbo ìlú gbójú sókè. Kò sí ìyẹ́ kankan níbẹ̀.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ rọra gbé adìyẹ náà kalẹ̀, Ọdẹ́yalé yíjú. "Béjídé, ìyẹ́ dà?"

Ìyá Àgbà ló tọwọ́ bọ gèlè, tó fa ìyẹ́ funfun gígùn kan yọ.

"Àbí èyí tí mo fi ń ro etí lẹ ń wá? Ó mà dùn o! Àwọn kéékèèké tí mo kọ́kọ́ fà ò wúlò, àfi èyí. Látìgbà tí mo ti fi ro etí, mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ èèrà. Mo gbọ́ afẹ́fẹ́ yìí láti òkè ọ̀hún, mo sọ fún ọmọ mi, ó ní etí mi ló ń hó."

Ẹ̀rín ṣubú lu ìlú. Ẹni kan ṣoṣo ni kò rín: Béjídé ti dọ̀bálẹ̀. Ààrá sì ń kù lókè.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ ọjọ́ kankan. Ṣùgbọ́n òjò ti dé yìí, Màmá ò sì ní òrùlé."

Ọdẹ́yalé nu omijé ẹ̀rín. "Gòkè."

"Ta ni, èmi?"

"Ṣé adìyẹ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ ni?"

Béjídé gòkè, ó di okùn mú fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Wọ́n ń lé ìdì koríko káàkiri ojúde, wọ́n ń jù ú sókè, ó ń gbà á, ó ń dì í. Òjò bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ku ojú kan ṣoṣo, lókè ẹní tí Ìyá Àgbà ń sùn lé gẹ́lẹ́. Koríko ti tán. Béjídé wá ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé: ó nà gbalaja. Ó dojú bolẹ̀ lórí ihò náà, ó fi ara dí i pa, òjò ń lù ú lẹ́yìn.

"Béjídé!" Ọdẹ́yalé ń pariwo láti ìsàlẹ̀. "Ẹbí rẹ dé o! Kí wọn káàbọ̀!"

Ìyá Àgbà wà nílẹ̀ gbígbẹ, ó ń wo ojú ọmọ rẹ̀ nínú ihò òrùlé bí òṣùpá.

"Ọmọ mi, báwo lojú ọjọ́ ṣe rí lókè ńbẹ̀?"

"Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, Màmá."

"A sì ti rí fùrọ̀ adìyẹ," Ìyá Àgbà ní. Ó tẹ́tí sílẹ̀ díẹ̀. "Fa aṣọ rẹ sísàlẹ̀. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn níta, wọ́n ti ń wo tìẹ náà."

Látìgbà náà, bí ẹnì kan bá ró aṣọ fún irọ́ ní Òkè-Agbède, wọn kì í bá a jiyàn. Wọ́n á kí i, wọ́n á tún gbé àgbàdo fún un. Wọ́n á wá jókòó, wọ́n á kọjú sí òkè, wọ́n á máa retí atẹ́gùn. Ìgbà tó bá dé ni wọ́n tó máa sọ̀rọ̀: afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ.