Ọdún Tí Omíyalé Kò Ju Òwú Sómi

Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ìwọ tí o ń tòògbé lẹ́yìn yẹn, bọ́ síwájú, torí ààlọ̀ alẹ́ òní kì í ṣe ti ẹ̀rín, mi ò sì ní tún un pa fún ẹnì kankan. Ààlọ̀ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó já sínú omi pọ̀ọ́, ó dá lórí Omíyalé, Ìyá Ibú ìlú Ìṣódò.

Ní Ìṣódò, ẹja ni wọ́n ń jẹ, ẹja ni wọ́n ń tà, ẹja ni wọ́n fi ń fẹ́ ìyàwó. Odò wọn gùn, ó sì fẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, odò náà á gbẹ, á ku tóóró, gbogbo ẹja á sì sá wọnú Ibú, níbi tí omi ti jìn jù lọ lábẹ́ igi àràbà ńlá kan. Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju àwọ̀n sínú Ibú. Omíyalé ló ń ṣọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ ló ṣọ́ ọ ṣáájú rẹ̀.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí Ibú. Láyé àwọn baba wọn, òjò ló máa ń kọ́kọ́ rọ̀. Odò á kún, á bo koríko etí bèbè, ẹja á jáde lọ yé ẹyin sínú koríko náà, wọn á sì padà wálé. Lẹ́yìn èyí ni èso àràbà á tó bẹ́, tí òwú inú rẹ̀ á máa fò kiri. Ìyá Ibú á ṣa òwú náà, á jù ú sójú omi, gbogbo apẹja á sì da àwọ̀n bo omi. Ó pẹ́, ó pẹ́, àwọn ará Ìṣódò kò wo òjò mọ́, wọn kò wo ẹja mọ́. Òwú nìkan ni wọ́n ń wò.

Ó wá di ọdún kan, ìgbà yí padà. Oòrùn mú ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Òjò tó yẹ kó rọ̀ kò rọ̀. Ṣùgbọ́n ooru mú kí èso àràbà tètè gbó, ó sì ń bẹ́: pá, pá, pá. Òwú bo ilẹ̀. Àwọn apẹja kó àwọ̀n jáde, wọ́n tò sí etí Ibú.

Àkàndé, olórí apẹja, ní, "Ìyá Ibú, òwú ti bẹ́. Ẹ̀yin là ń dúró dè."

Omíyalé ṣa òwú. Bó ṣe na ọwọ́ sójú omi, omi hó gbùdùgbùdù, ẹja àrọ̀ ńlá kan yọ orí. Ikùn rẹ̀ rí rogodo, ẹyin ló kún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ẹ máa bá mi gbè é, ègbè yín ni "Omi ò tíì dé o":

Ìyá Ibú, ẹ má ju òwú,
*Omi ò tíì dé o.*
Ọmọ mi ń bẹ nínú mi,
*Omi ò tíì dé o.*
Koríko gbẹ, mi ò ríbi yé e sí,
*Omi ò tíì dé o.*
Bẹ́ ẹ bá jù ú lónìí,
*Omi ò tíì dé o.*
Kí lẹ ó jẹ lámọ̀dún?
*Omi ò tíì dé o.*

Etí Omíyalé nìkan ni orin náà wọ̀. Àyà rẹ̀ já. Ó wo òkè, kò rí ìkùukùu kankan. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí gbogbo ìlú. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ìyá mi kò kọ̀ rí. Ta ni mo jẹ́ tí n óò fi kọ̀?" Ó ju òwú sómi. Àwọ̀n wọlé, wọ̀ọ̀ọ̀. Ẹja pọ̀ lọ́dún náà. Wọ́n la ikùn wọn, ẹyin ló wà níbẹ̀, inú gbogbo ìlú sì dùn, nítorí ẹyin ẹja dùn lọ́bẹ̀. Àwẹ̀ró, ọmọ kan ṣoṣo tí Omíyalé bí, bu ọbẹ̀ náà fún ìyá rẹ̀. Omíyalé jẹ ẹ́. Kò gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́ tán.

Ó di ọdún kejì. Òjò kò rọ̀. Èso àràbà bẹ́: pá, pá, pá. Àwọn apẹja tò sí etí Ibú. Omíyalé ṣa òwú, ó na ọwọ́ sójú omi, omi hó gbùdùgbùdù, àrọ̀ yọ orí, ó tún kọrin. Ẹ gbè é:

Ìyá Ibú, ẹ má ju òwú,
*Omi ò tíì dé o.*
Àwọn tó kù ò pọ̀ mọ́,
*Omi ò tíì dé o.*
Kí lẹ ó jẹ lámọ̀dún?
*Omi ò tíì dé o.*

Lọ́tẹ̀ yìí, Omíyalé yíjú sí Baálẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Baálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró de òjò. Ẹja ò tíì yé ẹyin."

Baálẹ̀ ní, "Omíyalé, ṣé o gbọ́n ju àwọn tó bí wa lọ ni? Bí òwú bá ti bẹ́, à ń ṣí Ibú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a."

Àkàndé ní, "Àbí Ìyá Ibú fẹ́ máa dá a jẹ ni?"

Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Ojú ti Omíyalé gidigidi. Ó ju òwú sómi. Àwọ̀n wọlé, wọ̀. Ohun tí wọ́n kó jáde kò kún ìdajì agbọ̀n. Epìyà tí kò ju ìka ọwọ́ lọ ló pọ̀ jù, ẹyin sì wà nínú àwọn náà. Wọ́n sun wọ́n jẹ tegungun-tegungun.

Ó di ọdún kẹta. Ẹ̀yin ọmọ, ọdún náà burú. Òjò kò rọ̀, àgbàdo gbẹ lóko, iṣu kò ta. Àwẹ̀ró ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ọkùnrin, kò tíì pé oṣù méjì. Èso àràbà bẹ́: pá, pá, pá. Àwọn apẹja tò sí etí Ibú, ebi ti mú kí ojú wọn jìn sínú. Àwẹ̀ró náà wá, ó pọn ọmọ rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá mi, omi ọyàn mi ti gbẹ. Ẹ bá mi ju òwú náà, kí n lè rí omi ọbẹ̀ mu, kí ọmọ yìí lè rí ọyàn mu."

Omíyalé ṣa òwú. Ó na ọwọ́ sójú omi. Omi kò hó mọ́, ó kàn mì díẹ̀. Àrọ̀ yọ orí. Ẹ gbè é jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́:

Ìyá Ibú, ẹ má ju òwú,
*Omi ò tíì dé o.*
Èmi àtọkọ mi ló kù,
*Omi ò tíì dé o.*
Bẹ́ ẹ bá jù ú lónìí,
*Omi ò tíì dé o.*
Ó parí nìyẹn o, ó parí,
*Omi ò tíì dé o.*

Omíyalé wo ọmọ rẹ̀. Ó wo ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá ju òwú, Àwẹ̀ró á jẹun lónìí, kò sì ní sí ẹja ní Ìṣódò mọ́ láéláé. Ó fún òwú náà mọ́ ọwọ́. Ó wọnú Ibú lọ, omi mù ún dé àyà, ó dúró.

Ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ ju àwọ̀n, kó jù ú lé mi lórí."

Ní Ìṣódò, wọn kì í ju àwọ̀n lé Ìyá Ibú lórí. Àkàndé bú u títí. Baálẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Àwẹ̀ró kò bú u, kò sì bẹ̀ ẹ́. Ó wo ìyá rẹ̀, ó yí padà, ó lọ sílé.

Láràárọ̀ ni Omíyalé ń wọnú omi, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó jáde, torí wọn kì í ju àwọ̀n lóru ní Ìṣódò. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n wá sọ fún un níbi tó dúró sí pé ọmọ Àwẹ̀ró ti kú. Ó sunkún, ó sunkún, kò sì jáde.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, òjò ṣú dùdù. Ó rọ̀ wàràwàrà. Odò kún, ó bo koríko. Àrọ̀ àti ọkọ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ Omíyalé kọjá, wọ́n lọ yé ẹyin.

Ọdún méjì gbáko ni ẹnikẹ́ni kò fi da àwọ̀n sínú Ibú, oúnjẹ oko ni wọ́n ń jẹ kí ẹja lè pọ̀ sí i. Ní ọdún kẹta, omi ń ta pútúpútú fún ẹja. Baálẹ̀ kó gbogbo ìlú lẹ́yìn, wọ́n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Omíyalé.

Ó ní, "Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ká ní mo ti kọ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, ọbẹ̀ ọjọ́ kan là bá pàdánù. Mo bẹ̀rù ẹnu yín. Ìgbà tí mo máa fi kọ̀, ọmọ ọmọ mi ló bá a lọ."

Ó tún ní, "Láti òní lọ, ẹ má wo òwú mọ́. Ẹja tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ mú, ẹ rọra tẹ ikùn rẹ̀. Bí ẹyin bá jáde, ẹ dá a padà sómi, kí kálukú káwọ̀n. Ta ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́?"

Àkàndé da àwọ̀n sómi, ó sì fà á jáde. Àwẹ̀ró, tí kò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà, jáde láàárín èrò. Ó mú àrọ̀ kan tó sanra nínú àwọ̀n náà, ó rọra tẹ ikùn rẹ̀. Ẹyin jáde sí i níka. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó sọ ẹja náà sínú omi, ó ní kí wọ́n káwọ̀n. Ó rìn kọjá lára ìyá rẹ̀, ó dúró, kò bojú wẹ̀yìn.

Ó ní, "Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

Ibi tí ọkọ̀ ààlọ̀ mi gúnlẹ̀ sí nìyí. Ó kọ́ wa pé bí ìgbà bá yí padà, ẹja gan-an ni ká wò, ká má wo àmì tí àwọn baba wa fi mọ ìgbà tiwọn. Ó sì kọ́ wa pé ẹni tí yóò bá kọ nǹkan kò gbọdọ̀ jẹ́ kó pẹ́. Omíyalé kọ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó kọ̀.