Ológbò, Ehoro àti Iná Inú Òwú

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ, ẹsẹ̀ mi yìí ti tẹ ilẹ̀ tí bàbá yín ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Àlọ́ mi rìn rìn rìn, ó bá Ológbò nílé Ehoro.

Ọyẹ́ mú, Ológbò ò nílé, ni Ehoro bá ní kó máa sùn lórí òwú òun. Ara Ológbò ò balẹ̀, ó ń yí gbiri títí ilẹ̀ fi mọ́. Bó ṣe fimú kan imú Ehoro láti kí i, tá! Iná ta Ehoro. Lọ́jọ́ kejì, tá! Lọ́jọ́ kẹta, Ehoro ní, "Ò ń bù mí jẹ. Bọ́ síta."

Ológbò ń yí ilé ká nínú òtútù, ó ń kọrin:

Imú mi ò léyín o,
Ọyẹ́, ọyẹ́!
Ta ló ń bu ni jẹ?
Ọyẹ́, ọyẹ́!

Orin ò jẹ́ kí Ehoro sùn. Òun náà yí gbiri lórí òwú, ó wá yọ imú síta láti lé e. Imú kan imú, tá!

Ológbò ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin náà ti ń bu ni jẹ?"

Ehoro fọwọ́ bo imú. "Àṣé ara tó bá yí lórí òwú gbígbẹ lásìkò ọyẹ́ ló ń kó iná. Wọlé jàre. Àmọ́ fomi ra ara kó o tó kí mi."

Bí mo bá purọ́, kí ọyẹ́ ta mí nímú lọ́la.