Ibi Tí Omi Ti Ń Kán Kọ́ Ló Ti Ń Jò

Ọkùnrin kan wà ní ìlú wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni. Ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ẹyin awó. Ọdún mọ́kànlélógún ni òun àti ìyàwó rẹ̀ fi lo ọkọ̀ yìí. Sátidé Sátidé ni wọ́n máa ń gbé e lọ sí Ìmẹ̀sí láti lọ kí ìyá obìnrin náà. Bí ọkọ bá ń wa ọkọ̀, ìyàwó á máa bó ẹ̀pà sí i lọ́wọ́, á sì máa kọrin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá dé ibi tí ọ̀nà ti ń gun òkè, á dá orin dúró, á ní, “Ẹ rọra gùn ún, kó má bàa rẹ̀ ẹ́.” Ọkọ̀ ló ń ṣàánú bẹ́ẹ̀. Tíṣà á rẹ́rìn-ín, á sì rọra gùn ún lóòótọ́.

Mẹkáníìkì kan ṣoṣo ló ń bá wọn tún ọkọ̀ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ẹni ìta sí wọn mọ́. Bó bá wá, obìnrin náà kì í jẹ́ kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì títí yóò fi jẹun tán.

Obìnrin yìí kú nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, Tíṣà wa ọkọ̀ náà sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi tàpólì bò ó, kò sì débẹ̀ mọ́. Kò lè wo ìjókòó tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òjò rọ̀ títí, òjò dá, ọyẹ́ dé, ọkọ̀ náà wà níbi tó wà.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kó pé ọdún kan, ìyá ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ láti Ìmẹ̀sí. Ìyá náà ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ó ní, “Ẹ bá mi bẹ àna mi kó gbé ọkọ̀ yẹn wá. Inú rẹ̀ ni mo ti máa ń rí ọmọ mi bó bá ń bọ̀. Mo fẹ́ tún rí i kí n tó lọ.”

Tíṣà ká tàpólì kúrò. Ó ra bátìrì tuntun, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn. Ṣùgbọ́n kò tíì rìn dé ìta ọjà tí èéfín omi gbígbóná fi bo ojú gíláàsì. Nígbà tó gbé e padà délé, ó rí i pé omi ń kán sílẹ̀ níwájú, lápá òsì, lábẹ́ rèdíétọ̀.

Ó ní, “Rèdíétọ̀ ti jò. Mẹkáníìkì yẹn ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyí.”

Ó pe ẹlòmíràn. Ẹni náà wo ibi tí omi ń kán sí, ó tú rèdíétọ̀, ó fi iná jó igun òsì rẹ̀ pọ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, omi wà nílẹ̀ níbi kan náà. Ó tún un jó. Omi ò dẹ́kun. Ní gbogbo àsìkò yìí, Tíṣà ń sọ ọ́ kiri pé ọ̀rẹ́ òun àtijọ́ ti ba ọkọ̀ òun jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dé etí ọmọbìnrin rẹ̀. Kò bá bàbá rẹ̀ jiyàn. Ó lọ bá mẹkáníìkì náà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo ọkọ̀ màmá mi.”

Ọkùnrin náà dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ó ti rù, irun rẹ̀ sì ti funfun. Ó kí Tíṣà, Tíṣà dá a lóhùn lábẹ́ imú. Ó mú àkísà, ó nu ẹ́ńjìnnì àti abẹ́ rẹ̀ gbẹ pátápátá. Ó rọ omi kún un, ó ṣáná sí i, ó wá jókòó sórí garawa tí ó dojú rẹ̀ dé.

Tíṣà bi í pé, “Kí lo ń dúró dè?”

“Kó gbóná ni, sà. Bó bá tutù, ojú ibi tó là á pa dé. Bó bá gbóná, á fara hàn.”

Wọ́n dúró. Kò pẹ́, omi yọ, kì í ṣe níwájú, ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì lọ́hùn-ún ni. Rọ́bà kékeré kan tí omi ń gbà kọjá ló wà níbẹ̀ tí ó ti gan nítorí ìdúró, tí ó sì ti là. Ẹ̀yìnkùlé náà da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síwájú, nítorí náà omi ń gba orí irin wá, ó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ rèdíétọ̀.

Mẹkáníìkì náà pa iná ọkọ̀. Ó ní, “Ibi tí omi ti ń kán kọ́ ló ti ń jò. Sà, kì í ṣe nítorí rèdíétọ̀ lẹ ṣe ń bínú sí mi.”

Tíṣà kọjú sí i. Ó wá ní, “O ò wá sin ín. O jẹ oúnjẹ rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún, o ò wá sin ín.”

“Ilé ìwòsàn ni mo wà ní Ìlọrin. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún mi. Ìgbà tí mo fi délé, ó ti lé ní ogójì ọjọ́ tẹ́ ẹ ti sin wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé ẹnu ọ̀nà yín. Mo rí ọkọ̀ lábẹ́ tàpólì, ojú tì mí, mo padà.”

Tíṣà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí, ó sì sunkún bí kò ti sun ún lọ́jọ́ ìsìnkú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò sọ pé kó dákẹ́. Ó jókòó tì í. Nígbà tó yá, ó lọ ra rọ́bà tuntun.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ lọ sí Ìmẹ̀sí. Wọ́n gbé ìyá àgbà jókòó síwájú ọkọ̀. Ó fọwọ́ pa ìjókòó náà, ó ní, “Ibí yìí ló ń jókòó sí.”

Ìwọ tí o wá bá mi lónìí, o ní nítorí ààlà ilẹ̀ ni ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ kò fi sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ ti wọn ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, ọkàn yín kò sì balẹ̀. Má tún pe awọnlẹ̀ mọ́. Lọ jókòó tì í. Bí ọ̀rọ̀ bá gbóná, má dìde, má sì bú u. Dúró kí o rí ibi tó ti là. Bi í léèrè ohun tó dùn ún kí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó dé. Sọ tìrẹ náà fún un. Ẹ ti jọ jẹun nínú àwo kan rí. Ọjọ́rú lòní, ẹ̀gbọ́n rẹ kì í sì í jáde lọ́jọ́rú. Dìde, kí o máa lọ.