Àgbàdo Tí Kò Jinná Lára Ìléru

Kí la ti mọ̀ nípa ooru? A mọ̀ pé òun ló ń se ọbẹ̀. A mọ̀ pé ẹni tó bá jókòó ti ààrò, ara rẹ̀ á gbóná. Ẹ jẹ́ ká di ìyẹn mú ná.

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ ọ̀gá ìléru ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ooru sọ epo rọ̀bì di èròjà ike. Gáàsì ni wọ́n ń sun nínú ìléru náà. Àṣà òun àtàwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni kí wọ́n to àgbàdo sí ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ̀. Bí àgbàdo bá ti tètè jinná, wọ́n á ní ìléru ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n abẹ́ èéfín rẹ̀ náà ni ilé ọkùnrin yìí wà, ikọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò sì dá.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé ìléru tuntun dé, èyí tó ń lo iná mànàmáná tí omi odò ń pèsè. Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ ní bí gáàsì tí wọ́n ń sun kò bá dín kù kí òjò ọdún náà tó kásẹ̀, àwọn á tú ìléru tuntun náà kúrò. Inú ọkùnrin náà dùn sí ìléru yìí. Ó to àgbàdo sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Títí wọ́n fi ṣíwọ́, àgbàdo ṣì tutù.

Ó ní, "Ìléru tí kò lè sun àgbàdo, ṣé òun ló máa se epo?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó bá ní kí wọ́n má pa ti àtijọ́, kó máa jó lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, bóyá tuntun á já wọn kulẹ̀. Gáàsì kò dín. Èéfín kò dín.

Obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ tó to ìléru tuntun náà wá bi í léèrè ìdí tí ti àtijọ́ ṣì fi ń jó. Ọkùnrin náà nawọ́ sí àgbàdo.

Obìnrin náà ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Gáàsì tí à ń rà látọjọ́ yìí, ṣé àgbàdo la rà á fún?"

Ọkùnrin náà gbọ́wọ́ lé ara ìléru tuntun, kò gbóná. Ó yọjú sí ihò tí wọ́n fi ń wo inú rẹ̀. Àwọn páìpù ibẹ̀ ti pọ́n bí ẹyin iná. Ooru ò ráyè jáde ni.

"Ó dáa," ló wí. "Ẹ wá ẹni tí yóò máa ta àgbàdo sísun fún wa." Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ti gáàsì ìléru àtijọ́ pa.

Kí òjò tó kásẹ̀, gáàsì tí wọ́n ń sun ti já wálẹ̀, wọn ò tú ìléru tuntun kúrò mọ́, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ń sùn dójúmọ́ láìwúkọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, kì í ṣe gbogbo ooru tó bá kàn yín lára ló ń ṣiṣẹ́. Òmíràn, jíjò ló ń jò dànù. Bí ẹ bá délé, ẹ gbé ìkòkò kaná, kí ẹ na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ààrò. Ibi tó bá ti jó yín lọ́wọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dí.