Ahá Kan fún Ọkàn

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí, ẹ gbọ́ eléyìí tán kí ẹ tó dìde. Ọdẹ́jọbí ni orúkọ mi, ọdẹ ni bàbá tó bí mi. Ìyàwó mi, Àyọ̀ká, ní àìsàn ọkàn: ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí iṣu tó mu omi, àyà rẹ̀ sì ń sọ kìkì bí odó obìnrin tó ń kánjú. Bàbá mi ti fi ewé kan hàn mí. Mo sè é, mo fún un ní ahá kékeré kan, wíwú náà rọlẹ̀. Inú mi dùn. Lọ́jọ́ kejì mo fún un ní ahá mẹ́ta. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọkàn rẹ̀ dúró.

Ọdún méje lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ Ọdẹ́bùnmi, ọmọ kan ṣoṣo tí Àyọ̀ká bí fún mi, bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Mo já ewé náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò gbé e dé orí iná. Àwọn àgbà ní iwin kan wà ní Igbó Àyàdákẹ́ tí ó mọ ìwọ̀n tí a ń mu nínú rẹ̀. Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo lọ.

Nínú igbó náà ẹyẹ kò ké, ewé kò mì. Bí mo bá fi ọwọ́ kan igi, n ó gbọ́ kì, kì, kì lábẹ́ èèpo, bí ẹni pé wọ́n há ènìyàn mọ́ inú rẹ̀. Bí mo ṣe ń wọnú lọ ni ìró náà ń falẹ̀. Níbi tí àwọn igi ti dákẹ́ pátápátá, egungun ọdẹ ló tẹ́ sílẹ̀ bí àgbàdo tí a sá. Iwin náà jókòó lórí wọn. Àyà rẹ̀ là gbangba bí ilé tí kò ní ilẹ̀kùn, ọkàn rẹ̀ sì ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹranko nínú àhámọ́.

"Ọdẹ," ni ó wí, "ẹ̀yin tí ẹ máa ń wọlé wa láìkí ẹnikẹ́ni. Kí ló gbé ọ dé lónìí?"

"Mo kí yín, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ mi ń kú lọ."

"Ewé wo ló pa ìyá rẹ̀?"

Mo ya ẹnu láti dárúkọ ewé. Ọkàn mi sọ kì lẹ́ẹ̀kan, n kò gbọ́ èkejì. Ìgbà náà ni mo mọ ohun tí àwọn tó di egungun wọ̀nyẹn fi dáhùn tí ọkàn wọn fi dúró.

"Kì í ṣe ewé," ni mo wí. "Ahá mẹ́ta ni. Èmi ni mo bù ú."

Ọkàn mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kì, kì.

"Ṣé o kọ́kọ́ tọ́ ọ wò?"

"Rárá."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ajá rẹ a máa gbóòórùn ẹran kí ó tó jẹ ẹ́. Ìwọ ọ̀gá rẹ̀ kò ṣe tó bẹ́ẹ̀."

Ó gbé agbo ewé náà fún mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń mu ún díẹ̀díẹ̀, ìka mi lórí iṣan ọrùn ọwọ́ mi. Ní ìwọ̀n ahá kan, ọkàn mi ń rọra lọ bí àgbà tó ń ti oko bọ̀. Mo fi díẹ̀ kún un, gbogbo ohun tí mo ń wò wọ àwọ̀ epo, ọkàn mi ń kọsẹ̀. Mo dá ọwọ́ dúró.

"O ti mọ ibi tí ọ̀nà parí sí," ni iwin wí. "Máa lọ. Èmi kọ́ ni n ó dán ọ wò. Ìdùnnú ni."

Mo délé, mo kọ́kọ́ mu ahá kan lójú ọmọ mi, mo dúró di ọjọ́ kejì kí n tó fún un ní tirẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ó rìn dé ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá, ara mi ti ń yá. Ẹ bu méjì sí i, kí àìsàn náà lè tán kíákíá."

Ohùn ìyá rẹ̀ gan-an ni. Mo da ìyókù agbo ọjọ́ náà sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Ẹ mà láhun o, Bàbá."

"Mo láhun," ni mo wí.

Ọdẹ́bùnmi ti bímọ méjì báyìí.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ má bi mí ní orúkọ ewé náà, ẹ kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn nídìí ìkòkò agbo, ẹ dìde, kí ẹ gba ahá lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí inú tèmi dùn, kò sí ẹni tó gbà á.